Oúnjẹ Ọ̀sán ní Ìsàlẹ̀ Kánáàlì

Obìnrin mẹ́fà ló ń fi ìgbálẹ̀ gbá ìsàlẹ̀ kánáàlì, odò àfọwọ́gbẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi yóò máa gbà, nígbà tí Caleb Orgill gun ẹṣin dé etí bèbè rẹ̀. Wọ́n ti ká etí aṣọ wọn sókè, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń gbá eruku lọ síwájú bí ẹni tí ọba ń bọ̀ wá kí. Lẹ́yìn wọn, tábìlì kan nà gbọọrọ láàárín ògiri amọ̀ méjèèjì, aṣọ funfun bò ó, wọ́n sì ti to àwo sórí rẹ̀. Itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan wà níbẹ̀, kábéèjì kíkan wà níbẹ̀, búrẹ́dì ńláńlá náà ò gbẹ́yìn. Orgill wo tábìlì, ó wo àwọn obìnrin, ó tún wo tábìlì.

Eruku yẹn ló yà á lẹ́nu. Kò yẹ kí eruku kankan wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó ti kúrò níbẹ̀, omi tó mu èèyàn dé kókósẹ̀ ló fi sílẹ̀ lórí amọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kí kánáàlì má baà jò, ó sì ti kìlọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó gbẹ.

Ìdí afárá kan tí wọ́n ń gbé dìde nítòsí Philadelphia ni wọ́n ti ránṣẹ́ pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rẹ̀ ṣe rí láti ọdún mẹ́ta tó ti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé. Orílẹ̀-èdè tuntun yìí, tí kò tíì pé ogún ọdún tó bọ́ lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ń fẹ́ kánáàlì, ó ń fẹ́ afárá, kò sì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́tà ń ti Boston wá, lẹ́tà ń ti Virginia wá, gbogbo wọn ń bẹ Ẹnjiníà Orgill pé kó jọ̀ọ́, kó wá bá àwọn fojú kan odò àwọn. Tó bá gbé awò idẹ rẹ̀ kalẹ̀ láti wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́jú sí, àwọn àgbẹ̀ á pa iṣẹ́ tì, wọ́n á wá dúró máa wò ó. Ọkùnrin náà ti yọ ikùn díẹ̀. Ó ti ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun, kì í sì í fi ẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀ mọ́; orí bèbè ló ń dúró sí, ọ̀pá ló sì fi ń júwe ohun tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣe.

"Ọ̀gá! Ẹ káàbọ̀ o!" Malachy Tiernan ló ń bọ̀ yẹn, ará Ireland tó jẹ́ olórí àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti fárùngbọ̀n, ó tiẹ̀ so aṣọ pupa mọ́ ọrùn. "Ẹ bá wa níre. Oúnjẹ ti délẹ̀."

"Omi dà?"

"Omi wo?"

"Omi tí mo fi sílẹ̀ níbí, Tiernan!"

"Háà, omi yẹn! A ti tú u dànù láti ọjọ́ Ajé." Tiernan rẹ́rìn-ín. "Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Ashmead, ló kọ̀wé. Ó ní àwọn aṣòfin ń mú ìyàwó wọn bọ̀, wọ́n sì fẹ́ jẹun nínú kánáàlì kí omi tó wọ̀ ọ́, kí wọ́n lè rí nǹkan máa ròyìn fún ọmọ ọmọ. Ṣé inú ẹrẹ̀ ni kí àwọn ìyá wọ̀nyẹn wá fi bàtà àrán wọ̀ ni?"

"Mo sọ fún ẹ pé kó má gbẹ. Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Ẹ ò kàn sọ ìdí ẹ̀ ni." Tiernan họrí. "Àwa rò pé torí kí màlúù àwọn àgbẹ̀ ará Jámánì ìtòsí yìí má baà máa gba ibẹ̀ kọjá ni."

Orgill ka ọjọ́ náà lọ́kàn: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Oòrùn oṣù Keje ti fi ọjọ́ márùn-ún gbáko sá amọ̀ náà. Orgill sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó gba orí àkàsọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀.

Salome Kintzer ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, òun ni olórí àwọn tó ń gbálẹ̀. Opó ni, ará Jámánì ni, ilé rẹ̀ sì ni Orgill ń wọ̀ sí láti ọdún méjì tí iṣẹ́ ti dé àfonífojì náà. Ó máa ń fi iyanrìn fọ ìlẹ̀kùn ilé màlúù. Kò sí ohun tó ń bí i nínú tó ìdọ̀tí.

"Ẹ wo ilẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Orgill, ẹ wò ó!" Ó fi gìgísẹ̀ bàtà kan ilẹ̀, ó dún kó. "Ó le ju ilẹ̀ ilé ìdáná mi lọ. Nígbà tí àwọn ọ̀bùn yìí fi omi sí i, ṣe ló rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Mo ní báwo ló ṣe máa gba omi dúró tí òun fúnra ẹ̀ ò tíì gbẹ? Ààrò búrẹ́dì tí ìyá ọkọ mi mọ, ṣebí amọ̀ náà ni. Wọ́n jẹ́ kó gbẹ, ó le, ogójì ọdún rèé, èéfín ò gba ara ẹ̀ jáde rí."

"Ìyáàfin Kintzer, ṣé ẹ rí ibi tó sán?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Díẹ̀díẹ̀ báyìí. Ẹ má da ara yín láàmú, a ti gbá eruku dí gbogbo ẹ̀, kí ẹsẹ̀ àga má baà há síbẹ̀."

Orgill kúnlẹ̀. Méjì nínú àwọn obìnrin náà tẹrí ba, wọ́n rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó fi ìka ha eruku kúrò lójú ìlà kan tí kò fẹ̀ ju okùn bàtà lọ. Ìka wọlé dé oríkèé kejì. Ó wá mú pàṣán tó fi ń da ẹṣin, ó tì í sínú ihò náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Pàṣán ń lọ. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni amọ̀ náà nípọn, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele, síbẹ̀ pàṣán wọlé títí ó fi ku ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Ó gbójú sókè, ó rí ìlà mìíràn tí eruku dí, àti òmíràn. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀yìn ìjàpá, wọ́n gba abẹ́ tábìlì kọjá lọ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Èyí ti lanu, wọ́n sì ti tẹ́ oúnjẹ lé ẹnu rẹ̀ lórí.

"Olúwa mi o," ló wí.

Ó wo bèbè ọ̀tún. Níbẹ̀ ni kánáàlì ti gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá, ìyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jọ nìkan ló dì í mú lápá ìsàlẹ̀, ilé Salome Kintzer sì wà nísàlẹ̀ ìyẹ̀pẹ̀ náà gan-an. Tí omi bá gba ojú ibi tó sán wọlé, abẹ́lẹ̀ ni yóò ti máa jẹ bèbè náà, ẹnikẹ́ni ò ní í rí i. Ilé ìyá àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì ni yóò bá a lọ. Ìyá náà ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá ilẹ̀ náà tó gbẹ fúúfúú.

Kó tó gbọn eruku orúnkún dànù, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ti ń dún lórí bèbè. Lambert Ashmead, alága àwọn tó ni kánáàlì, ló ṣíwájú, aṣòfin méje àti ìyàwó wọn tẹ̀ lé e. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di ara wọn lọ́wọ́ mú lórí àkàsọ̀. Obìnrin kan ní òun ò jẹun síbi tó tutù báyìí rí. Ashmead na ọwọ́ méjèèjì sí Orgill bí ẹni rí ọmọ ìyá rẹ̀.

"Ẹnjiníà wa! Ẹ ṣáà rí i bó ṣe rẹwà?"

"Omi ò lè wọ̀ ọ́ lónìí, Ọ̀gbẹ́ni Ashmead."

Ẹ̀rín náà ò tíì kúrò lójú Ashmead nígbà tó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orgill ṣàlàyé ní kúkúrú, ó fi ihò pàṣán hàn án. Ashmead wò ó bí ẹni wo àbàwọ́n lára aṣọ.

"Tá a bá ṣí omi ní agogo mẹ́ta, ṣé ọkọ̀ á léfòó?"

"Á léfòó."

"Títí dìgbà wo?"

Orgill tún wo ihò pàṣán náà. "Wákàtí mẹ́rin. Bóyá márùn-ún."

"Agogo márùn-ún la máa lọ." Ashmead fọwọ́ kàn án léjìká. "Ẹ gbọ́, àwọn èèyàn yìí ló máa sọ bóyá ká gbẹ́ kánáàlì yìí dé odò kejì tàbí ká gbé ṣọ́bìrì jùlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ọkọ̀ lórí omi. Lọ́la, ẹ tú omi dànù, ẹ tún un ṣe. Ta ló máa mọ̀?"

"Ilé Ìyáàfin Kintzer wà lábẹ́ bèbè."

"Ẹ ní kó lọ sùn níbòmíràn."

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún un pé ó fà á?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣe kánáàlì tó gba abẹ́ òkè kọjá ní Staffordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí lẹ́tà yín sọ nìyẹn, torí ẹ̀ la ṣe ránṣẹ́ pè yín. Ẹni tó ṣe ìyẹn kọ́ ló yẹ kí ìlà orí amọ̀ máa dẹ́rù bà." Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sọ́dọ̀ àwọn àlejò.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Orgill dé egungun. Lẹ́tà náà sọ pé ó bá wọn ṣe é, òótọ́ sì ni. Ọdún méje ló fi bá wọn ṣe é, láìwọ bàtà, nínú òkùnkùn abẹ́ òkè yẹn, ó ń po amọ̀. Bàbá rẹ̀ po amọ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ náà pò ó. Nígbà tí wọ́n wá kà á sí ọ̀gá ní ilẹ̀ àjèjì, kò já wọn nírọ́. Ó fi ìbọ̀wọ́ sí i, ó dákẹ́. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣe láti Boston dé Virginia, amọ̀ yìí nìkan ló mọ̀ tinútẹ̀yìn. Èyí tó kù, ojú ló fi jí i lára àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ní ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ń kú lọ, ó fà á mọ́ra, ó ní, "Máa ṣe é fún wọn. Má sọ ìdí ẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ ìdí ẹ̀ ni wọn ò ní í wá ọ mọ́." Bí gbogbo àwọn oníṣẹ́ amọ̀ ìlú wọn ṣe ń ṣe nìyẹn, wọ́n ń fi ìdí iṣẹ́ pamọ́ bí ẹni fi orúkọ ọmọ tuntun pamọ́.

Wákàtí márùn-ún. Ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ ya. Ó ṣeé ṣe kí òun lọ jókòó ti bèbè, kí òun tú omi dànù ní kété tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin bá yí ẹ̀yìn padà. Èrò yìí dùn mọ́ ọn nínú, ẹ̀rù sì bà á pé ó dùn mọ́ òun nínú.

"Ọ̀gbẹ́ni Orgill!" Salome Kintzer ló ń pè é látìdí tábìlì, ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ wá jókòó o. Mo ti gé tiyín sílẹ̀ kí àwọn ará Ireland yìí tó gbé e mì."

Ó lọ síbẹ̀. Kò jókòó. Ashmead ti dìde pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìkíni. Níwájú rẹ̀ ni abọ́ tánńganran ràbàtà wà, pọ́ńṣì kún inú rẹ̀ dé etí, ọtí àti ṣúgà àti ọsàn wẹ́wẹ́. Orgill gbé abọ́ náà ní ọwọ́ méjèèjì, ó rìn wá sójú kedere, ó sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn?"

Pọ́ńṣì náà tàn kálẹ̀, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀ lórí amọ̀. Lẹ́yìn náà ó rí ojú ìlà. Eruku tó wà níbẹ̀ rì. Ọtí náà dá ọ̀nà mẹ́ta, ó ń sáré, ó ń dún gbùgbù bí ẹni ń mu omi látinú kèrègbè, kó sì tó di pé ẹnikẹ́ni mí kanlẹ̀, kò ku nǹkan kan àfi ọsàn wẹ́wẹ́ tó sùn sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

"Tiernan, gbé àgbá ọtí ápù yẹn wá."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ìyẹn dára gan-an."

"Gbé e wá!"

Wọ́n yí àgbá náà wá, wọ́n ṣí i. Odindi àgbá ọtí wọ ilẹ̀ lọ lójú gbogbo wọn. Àwọn ìyàwó aṣòfin ti gbé ẹsẹ̀ sókè lórí àga bí ẹni rí ejò. Ashmead ṣì gbé ife dání, ó jọ pé ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ ọwọ́ sílẹ̀.

Salome Kintzer ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo bèbè, ojú rẹ̀ gba orí bèbè kọjá sí apá ibi tí ilé rẹ̀ wà. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilé mi," ló wí. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi ni mo ní kó gbẹ. Jésù, èmi ni mo gbá a."

Jeremiah Doane, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin, dìde. Ọmọ ìjọ Kuékà ni, àwọn tó gbà pé gbogbo èèyàn dọ́gba; arúgbó ni, kì í bọ́ fìlà fún ẹnikẹ́ni, "ìwọ" ló sì ń pe gbogbo ayé, àtolówó àti tálákà. Òun ni àwọn aṣòfin yòókù ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó dìbò.

"Ọ̀rẹ́ mi Orgill, o mọ̀ pé kò gbọdọ̀ gbẹ?"

"Mo mọ̀."

"Àwọn wọ̀nyí náà mọ̀?"

"Mo sọ fún wọn pé kó má gbẹ."

"Ìdí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o sọ ọ́?"

Orgill wo Tiernan. Tiernan wo bàtà ara rẹ̀.

"Mi ò sọ ọ́," ni Orgill wí. "Nínú iṣẹ́ wa, a kì í sọ ọ́. Ẹni tó bá mọ ìdí ẹ̀ ò ní í ránṣẹ́ pe wá mọ́." Ó yẹ kó dúró níbẹ̀, àmọ́ ẹnu ti ṣí, kò ṣeé pa dé. "Mi ò sì ṣe kánáàlì abẹ́ òkè kankan, ẹ̀yin èèyàn. Amọ̀ inú ẹ̀ ni mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọdún méje. Ẹ ò bi mí, mi ò sì sọ fún yín."

"Kí lo wí?" Ashmead ló sọ̀rọ̀, ẹni tí kò pè é ní "ìwọ" rí láti ọdún mẹ́ta. "Kí lo wí, Orgill? Apo-amọ̀ la gbé gba orí òkun wá? O ti ba iṣẹ́ mi jẹ́. O ti ba tìẹ náà jẹ́. Kò sí ibi tí lẹ́tà mi ò ní í dé nílẹ̀ yìí."

Doane ò sọ ju gbólóhùn kan lọ, pé ohun táwọn rí lónìí làwọn máa sọ nílé aṣòfin. Kí agogo méjì tó lù, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ti ń yí lọ, ìyàwó aṣòfin kan ń sunkún bàtà rẹ̀ tí ọtí ápù ti bà jẹ́. Tábìlì wà níbẹ̀, itan ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án. Orgill dúró sójú kan. Ohun tó ń bẹ̀rù láti ọdún mẹ́ta ti ṣẹlẹ̀ níṣojú ọgọ́ta èèyàn, kò sì kú. Èyí gan-an ló yà á lẹ́nu jù.

"Ojú ọ̀run ń ṣú," ni Salome sọ lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ ni, àwọsánmà dúdú ti ń ga ní ìwọ̀-oòrùn. "Tí òjò yẹn bá rọ̀ sínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Òjò náà tó láti ba bèbè jẹ́."

"Ẹ sọ ohun tá a máa ṣe."

Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àga aṣòfin kan, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ funfun. Tiernan pòṣé nígbà tó rí ẹsẹ̀ náà: ó fẹ̀ ràgàjì, ìka rẹ̀ yà kúrò lára ara wọn, èékánná rẹ̀ pupa pẹ̀lú àwọ̀ amọ̀ tí ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti kúrò lábẹ́ òkè yẹn ò tíì fọ̀ tán.

"Ẹ gé e sókè láti ibí dé ọ̀hún, ibi tó wà lókè ilé nìkan, ká fi ìyẹn ṣáájú. Ẹ bu omi sí i, ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ṣọ́bìrì gún dé inú ìpele ti ìsàlẹ̀, kí ìpele méjèèjì lè wọ ara wọn." Ó mí. "Ìdí ẹ̀ ni pé amọ̀ tó tutù ò ní ojú, ó ń dì mọ́ra ni, omi ò rí ibi gbà. Tó bá gbẹ, á súnkì, á ya. Ààrò ń bá iná gbé, Ìyáàfin Kintzer. Èyí ń bá omi gbé."

"Bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tá a pò," ni Salome wí díẹ̀díẹ̀, "tá a fi aṣọ tútù bò kí ojú ẹ̀ má baà ya."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Salome tẹjú mọ́ ọn, ojú rẹ̀ sì pọ́n. "Ó tán? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán yìí? Ọdún méjì lẹ ti ń jẹun nídìí tábìlì mi, Ọ̀gbẹ́ni Orgill!"

Orgill wọ inú amọ̀ lọ. Salome náà bọ́ bàtà, ó ká aṣọ, ó wọlé tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin márùn-ún yòókù sì ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará Ireland gé, wọ́n pọn omi, wọ́n tẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ apá ìsàlẹ̀ odò fi gbọ́, wọ́n sáré dé, Tiernan sì dúró sórí àgbá òfìfo, ó ń pariwo fún wọn. "Ẹ má kàn máa tẹ̀ ẹ́ bí ewúrẹ́! Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún yín!" Ó sọ ọ́, ó fi búrẹ́dì ìyá Kintzer ṣe àpẹẹrẹ, ó dárà sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbọ́ ọ yé. Orgill tẹ́tí sí i láti rí ibi tó ti ṣì í sọ. Kò rí ọ̀kan.

Ìkán òjò àkọ́kọ́ ti ń bọ́ nígbà tí ibi tó wà lókè ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tó rọ̀, tó ń dán, tí kò sí ìlà kankan lójú rẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan ń tẹ amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orgill. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló bá wá, kò mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí. "Gìgísẹ̀ lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn yín, ó ń fi ihò sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣé ẹ mọ ìdí ẹ̀?"

Orgill la ẹnu láti sọ ẹni tó jẹ́ fún un. Ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn. Ihò wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n tò tẹ̀ lé e, omi òjò sì ti ń kóra jọ sínú wọn. Ó padà sẹ́yìn, ó tẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dí.

"Rárá," ló wí. "Sọ ọ́ fún mi."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń fọwọ́ júwe, kò kánjú, Orgill sì gbọ́ ọ títí dé òpin.